Bẹ́ ẹ ṣe lè to ògiri fídíò ńlá fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, látorí wíwọn yàrá títí dórí àwòrán

Tẹ́ ẹ bá ti gbé àwòrán tó ní píksẹ̀lì mílíọ̀nù 100 (píksẹ̀lì ni àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) sórí láptọ́ọ̀pù rí, ẹ ti mọ wàhálà tí mo fẹ́ sọ. Tẹ́ ẹ bá sún un jìnnà kẹ́ ẹ lè rí gbogbo ẹ̀, nǹkan kéékèèké inú ẹ̀ á pòórá, tẹ́ ẹ bá tún fà á sún mọ́ tòsí kẹ́ ẹ lè rí nǹkan kéékèèké yẹn, ibi tẹ́ ẹ wà nínú àwòrán náà á dàrú mọ́ yín lójú. Ògiri fídíò ló yanjú ìyẹn, ìyẹn skríìnì púpọ̀ tí wọ́n tò mọ́ra tí gbogbo wọn wá ń gbé àwòrán kan ṣoṣo. Ẹ dúró lẹ́yìn, ẹ rí odindi ìjì. Ẹ rìn lọ síwájú, ẹ rí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lọ́ ní igun kan. Ẹsẹ̀ yín lẹ fi ń ṣe zoom.

Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Ní TACC, ibùdó kọ̀ǹpútà ńlá Yunifásítì Texas tó wà ní Austin, ògiri tí wọ́n ń pè ní Stallion tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2008, mọ́nítọ̀ Dell oní-íńṣì 30 báyìí ni wọ́n fi ṣe é, 75 ni wọ́n tò, píksẹ̀lì inú ẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 300. Ọdún yẹn náà ni NASA ṣe hyperwall-2 pẹ̀lú skríìnì 128. Nígbà tó di 2012, Yunifásítì Stony Brook gbé Reality Deck jáde, skríìnì 416, píksẹ̀lì bílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ẹ ò nílò kó tóbi tó yẹn rárá, skríìnì méjìlá péré lè yí bí ilé iṣẹ́ ìwádìí ṣe ń ṣiṣẹ́ padà pátápátá. Ṣùgbọ́n orí ojú èèyàn àti dátà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ skríìnì tẹ̀ lé e. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ látorí skríìnì ló máa ń ná owó rẹpẹtẹ tí ògiri náà á wá di ibi tí wọ́n ti ń fi sláìdì han àlejò.

1. Ẹ mọ ibi tí ojú máa wà

Ẹ bi àwọn tó máa lò ó pé kí ni wọ́n fẹ́ wò, ibo ni wọ́n sì máa dúró sí. Èèyàn mẹ́ta tó fẹ́ jọ jiyàn níwájú àwòrán sẹ́ẹ̀lì máa sún mọ́ ọn débi pé ìka wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Àwọn 30 tó jókòó sórí àga máa jìnnà tó mítà mẹ́rin sí márùn-ún. Ohun tó dáa fún ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ ìnákúnàá fún ti ìkejì.

Ìṣírò ẹ̀ ò le. Ẹ mú fífẹ̀ píksẹ̀lì kan, ẹ fi 3438 sọ ọ́ di púpọ̀, ibi tó bá já sí ni ojú tó ríran dáadáa ò ti ní dá píksẹ̀lì mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Pánẹ́ẹ̀lì oní-íńṣì 55 fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 121. Tó bá jẹ́ 1080p, píksẹ̀lì 1920 ló wà lórí ìlà kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ mìlímítà 0.63, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn ju mítà méjì àti díẹ̀ lọ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn àpótí kéékèèké. Tó bá jẹ́ 4K, tó ní píksẹ̀lì 3840 lórí ìlà kan, 0.315 ni, ẹ lè sún mọ́ ọn tó mítà kan àti díẹ̀ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì LED tí kò ní etí rárá wuni gan-an lójú, àmọ́ tí píksẹ̀lì ẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà 1.2, ó ti lé ní mítà mẹ́rin nìyẹn, kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi ìka tọ́ka sí nǹkan.

2. Ríra pánẹ́ẹ̀lì

Àwọn tí wọ́n dìídì ṣe fún ògiri fídíò, etí dúdú wọn tín-ín-rín, àlàfo àwòrán kan sí èkejì lè má ju mìlímítà 3.5 lọ, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ tó 1, ṣùgbọ́n 1080p ló pọ̀ jù nínú wọn. Mọ́nítọ̀ 4K tí ọ́fíìsì ń lò ní ìlọ́po mẹ́rin píksẹ̀lì yẹn, etí ẹ̀ ló nípọn. Èwo lẹ máa mú? Fún onísáyẹ́ǹsì tó máa sún mọ́ ọn, píksẹ̀lì ni mo máa mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Etí dúdú yẹn, ojú máa ń fò ó bó ṣe ń fo igi ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n píksẹ̀lì tí ò sí níbẹ̀, kò sí bí ojú ṣe fẹ́ dá a. Fún ìfihàn fún gbogbo ayé, tó jẹ́ pé ọ̀ọ́kán ni wọ́n á ti máa wò ó, ẹ mú etí tín-ín-rín.

Àpẹẹrẹ tí mo máa fi bá yín lọ nìyí: mẹ́rin ní ìbú, mẹ́ta ní òró, íńṣì 55, 4K. Ìyẹn fún wa ní 15360 lọ́nà 6480, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 100 píksẹ̀lì, ògiri náà á sì fẹ̀ tó mítà 4.84, á ga tó mítà 2.04 láìka etí mọ́ ọn.

Ẹ rà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, módẹ́ẹ̀lì kan náà, kó sì jẹ́ ọjà tó jáde pọ̀ láti ilé iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan tàbí méjì lé e fún ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú, torí lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ẹ ò ní rí irú ẹ̀ rà mọ́ tàbí kí àwọ̀ ẹ̀ má bá tàwọn tó kù mu. Nínú oríṣi skríìnì LCD, IPS ni kẹ́ ẹ bèèrè fún, ẹ má mú TN, torí ẹni tó dúró ní apá òsì pátápátá ni á máa wo pánẹ́ẹ̀lì apá ọ̀tún, TN á ti yí àwọ̀ padà mọ́ ọn lójú. Kí wọ́n sì ní ihò RS-232 tàbí ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kọ̀ǹpútà lè fi tàn wọ́n kó sì fi pa wọ́n, ẹ ò ní fẹ́ máa fi rímóòtù lé méjìlá kiri lárààárọ̀.

3. Iná àti ooru

Ẹ ka wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì. Ká ní 200 ni, méjìlá jẹ́ 2400, ẹ fi kọ̀ǹpútà 1200 kún un, ó di 3600. Lórí iná fóltì 230, ìyẹn ń lọ sí ámúpù 16, lórí 120 ó jẹ́ 30, nítorí náà ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sórí fíúsì kan, ẹ pín in. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tàn tẹ̀ lé ara wọn pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan láàrin, torí iná tí wọ́n máa ń fà ní ìbẹ̀rẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń lò lọ, tí wọ́n bá jọ tàn pọ̀ fíúsì lè já.

Gbogbo wáàtì yẹn ló máa padà di ooru nínú yàrá. Wáàtì kan jẹ́ 3.412 BTU (òṣùwọ̀n ooru) ní wákàtí kan, 3600 á wá lé díẹ̀ ní 12,000 BTU, ìyẹn odindi agbára ẹ̀rọ amúlétutù tọ́ọ̀nù kan, a ò tíì ka èèyàn tó wà nínú yàrá. Ẹ sì fi kọ̀ǹpútà sí yàrá kejì tó bá ṣeé ṣe, ariwo fáànù ẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ara ẹni sọ̀rọ̀.

4. Férémù àti gbígbé pánẹ́ẹ̀lì kọ́

Ibí ni iṣẹ́ wà, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kánjú. Àṣìṣe mìlímítà kan ní ìlà ìsàlẹ̀ kì í dúró síbẹ̀, á gòkè dé ìlà kejì, á sì di nǹkan tójú ń rí láti ẹnu ọ̀nà nígbà tó bá dé òkè.

Tí pánẹ́ẹ̀lì kan bá wọn kílò 25, méjìlá jẹ́ 300, ẹ ò tíì ka irin mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ wo ògiri náà kẹ́ ẹ tó lu bọ́ọ̀tì kankan mọ́ ọn. Tí kò bá lè gbé e, ẹ fi irin tàbí alumíníọ̀mù ṣe férémù tó dá dúró lórí ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì de orí ẹ̀ mọ́ ògiri kó má bàa dojú dé. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn lè wọ̀, bí sẹ̀ǹtímítà 80, tí àyè ò bá sí ẹ ra ìgbékọ́ tó ṣeé tì kó sì yọ síwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí wáyà kan bá yọ ní pánẹ́ẹ̀lì àárín, ẹ máa tú mẹ́rin kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ògiri náà kí ó wà bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sílẹ̀, á jẹ́ kí ẹni tó wà lórí àga àrọ náà lè fọwọ́ tọ́ka sí nǹkan.

Ẹ fi lẹ́sà fa ìlà tó tẹ́jú gba ojú férémù kọjá, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ilẹ̀ yàrá, ilẹ̀ yàrá kì í sábà tẹ́jú. Àárín ìlà ìsàlẹ̀ lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé méjì ibẹ̀ kọ́ kẹ́ ẹ tó kó sí ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó gun òkè. Èèyàn méjì ni kó gbé e, ẹnì kẹta dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó máa wo igun kó sì máa pè é fún wọn. Ẹ di ẹ̀yìn ẹ̀ mú, ẹ má di etí tín-ín-rín yẹn mú láéláé, ẹ má sì fi àtẹ́lẹwọ́ ti gíláàsì, ibi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ yẹn lè di ìlà tí kò ní tàn mọ́.

Tí méjì bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ mú káàdì tín-ín-rín kan, bí irú èyí tí èèyàn ń tẹ orúkọ sí, ẹ ki káàdì náà bọ àárín wọn lókè kẹ́ ẹ rọra fà á wálẹ̀. Bó bá há lókè tó wá ń yọ̀ nísàlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ti yí, ẹ yí nọ́ọ̀tì igun ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí káàdì á fi máa lọ bákan náà látòkè délẹ̀. Àlàfo káàdì yẹn kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pánẹ́ẹ̀lì máa ń fẹ̀ díẹ̀ tó bá gbóná, èyí tí wọ́n tò há mọ́ra máa ń ti ara wọn títí ọ̀kan á fi sán. Lẹ́yìn náà ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú pánẹ́ẹ̀lì kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa rá lọ lórí gíláàsì: tí òjìji bá ta sí ojú ìpàdé wọn, ọ̀kan ti yọ síwájú ju èkejì lọ. Ó lè gba odindi ọjọ́ kan láti to ìlà ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbà á. Tí ìlà yẹn bá ti dáa, àwọn méjì tó kù kì í pẹ́.

5. Kọ̀ǹpútà kan ni àbí púpọ̀?

Káàdì GPU, ìyẹn káàdì tó ń ya àwòrán nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí sábà máa ń ní ihò mẹ́rin, nítorí náà káàdì mẹ́ta nínú kọ̀ǹpútà kan á gbé méjìlá. Ẹ lo Mosaic tó bá jẹ́ NVIDIA, kí kọ̀ǹpútà lè máa rí gbogbo ẹ̀ bíi skríìnì kan ṣoṣo. Gbogbo sọ́fítíwia tẹ́ ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ á ṣí lórí ẹ̀ láìní kẹ́ ẹ tún un kọ, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ pé kó má tíì bá kọ̀ǹpútà púpọ̀ jìjàkadì. Ẹ kàn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ káàdì ò lè ya àwòrán tó fẹ̀ ju píksẹ̀lì 16384 lọ, àwọn tuntun kan máa ń dé 32768. Tiwa jẹ́ 15360, ó wọlé. Tẹ́ ẹ bá fi òpó karùn-ún kún un ó di 19200, ẹ yáa wo káàdì yín dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí skríìnì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí dátà bá tóbi ju ohun tí mẹ́mọ́rì káàdì lè gbé, ó di dandan kẹ́ ẹ lo kọ̀ǹpútà púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbé skríìnì díẹ̀, ẹ̀yin á sì wá ẹnì kan tó gbọ́ Linux dáadáa. Ohun tẹ́ni yẹn máa ṣètò nìyí: orúkọ oníṣẹ́ kan náà lórí gbogbo wọn, ssh (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kan ń gbà wọnú òmíràn) tí kì í bèèrè pásíwọ́ọ̀dù, fódà kan tí gbogbo wọn jọ ń rí nípasẹ̀ NFS, kí NTP máa tún aago wọn ṣe, kí dráífà GPU wọn, ìyẹn sọ́fítíwia tó ń darí káàdì, jẹ́ ẹ̀dà kan náà gẹ́lẹ́.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwòrán kan ṣoṣo lórí ògiri wa yìí, láìfún un pọ̀, jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 300. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì 10 gígábíìtì, tó bá sá eré tó le jù, mẹ́gábáìtì 1250 ló lè gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán mẹ́rin nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tó jẹ́ 60 ni skríìnì ń retí. Ẹ ò lè ya gbogbo ẹ̀ síbì kan kẹ́ ẹ wá máa fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ya apá tiẹ̀ fúnra ẹ̀, kó jẹ́ pé àṣẹ kéékèèké nìkan ló ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bíi "yí i sápá òsì", "lọ sí wákàtí tó kàn".

6. Wáyà

Ẹ lo DisplayPort 1.2 sókè tàbí HDMI 2.0 sókè. HDMI 1.4 ò lè gbé 4K ju àwòrán 30 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àyàfi tí wọ́n bá gé àwọ̀ ẹ̀ kù, ẹ sì máa mọ̀ torí lẹ́tà pupa lórí dúdú á máa rí bàìbàì. Wáyà DisplayPort onírin lásán, tó bá ti lé ní mítà mẹ́ta, ẹ máa retí kí skríìnì máa ṣẹ́jú, ẹ lo èyí tó ní fáíbà nínú tí kọ̀ǹpútà bá wà ní yàrá kejì. Ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ orí méjèèjì gbogbo wáyà kẹ́ ẹ tó nà wọ́n, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ tún fi EDID pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìsọfúnni tó fi ń sọ irú ẹni tó jẹ́ fún kọ̀ǹpútà, pa mọ́ sínú fáìlì, kẹ́ ẹ ní kí dráífà máa kà á látibẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ṣe é, lọ́jọ́ tí pánẹ́ẹ̀lì kan bá pẹ́ kó tó tàn, kọ̀ǹpútà á rò pé kò sí níbẹ̀, á sì tún gbogbo ògiri tò.

Tí àwòrán yín bá máa ń yí tàbí tó ń sáré, ẹ máa rí i pé ojú ìpàdé pánẹ́ẹ̀lì máa ń ya, apá kan ti yí èkejì ò tíì yí. Káàdì Sync, tó ń jẹ́ kí gbogbo skríìnì yí àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, ló ń wo ìyẹn sàn, ó sì di dandan fún 3D tó ń lo gíláàsì ojú. Ẹ fojú sílẹ̀ o: ihò tí wọ́n fi ń so káàdì Sync méjì pọ̀ jọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì gẹ́lẹ́, RJ45 náà ni, ṣùgbọ́n ẹ má ki wáyà ẹ̀ bọ switch nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó lè ba nǹkan jẹ́.

7. Etí dúdú

Tí etí pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, méjì ló wà láàrin àwòrán sí àwòrán, lórí 4K wa ìyẹn jẹ́ bíi píksẹ̀lì 63. Ẹ lè sọ fún dráífà pé kó ṣe bíi pé píksẹ̀lì 63 yẹn wà lẹ́yìn etí dúdú, wọ́n á pa mọ́, ìlà tó bá gba ibẹ̀ kọjá á sì máa lọ tààrà. Ẹ fa ìlà kan láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ ògiri, kẹ́ ẹ ya òbírípo ńlá kan sí àárín. Tí ìlà náà bá fò níbi tí pánẹ́ẹ̀lì ti pàdé, ẹ yí nọ́ńbà náà títí á fi tọ́.

Fún máàpù, àwòrán sátẹ́láìtì, òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe jìnnà síra, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ìwé kíkà àti tábìlì nọ́ńbà, ẹ pa á, torí lẹ́tà tó bọ́ sẹ́yìn etí dúdú ti lọ nìyẹn, nọ́ńbà kan tó sọnù nínú tábìlì sì lè yí èsì padà.

8. Àwọ̀

Ẹ má fo ibí. Lórí ògiri ìpolówó, tí pánẹ́ẹ̀lì kan bá fi díẹ̀ pọ́n ju èkejì, ta ló rí i? Lórí ògiri tiyín, pupa lè túmọ̀ sí pé òkun gbóná níbẹ̀. Ẹni tó ń wo dátà á gbà pé nǹkan yí padà ní ibi tó jẹ́ pé pánẹ́ẹ̀lì ló yí padà.

Ẹ kọ́kọ́ wọ ménù ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ pa gbogbo nǹkan tó ń ṣe ọlọ́gbọ́n fúnra ẹ̀: dynamic contrast, sharpness, ìmọ́lẹ̀ tó ń yí padà fúnra ẹ̀, àti overscan tó máa ń gé etí àwòrán jù nù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n gbóná dáadáa. Ẹ wá gbé colorimeter (ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀) sójú ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ẹ ṣètò ẹ̀ sí funfun 6500K, gamma 2.2 (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gòkè láti dúdú dé funfun), ẹ kọ ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú jáde sílẹ̀. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kéré jù ni kẹ́ ẹ fi ṣe òdiwọ̀n, kẹ́ ẹ sì fa àwọn tó kù wálẹ̀ bá a, torí kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè gbé òun gòkè. Lẹ́yìn náà ẹ fi àwọ̀ eérú kan ṣoṣo bo gbogbo ògiri kẹ́ ẹ sì jìnnà sí i. Àwọ̀ eérú ló máa ń tú àṣírí, funfun àti dúdú kì í sọ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ tún un ṣe.

9. Sọ́fítíwia

Fún dátà ìṣírò ńlá, ParaView ni mo máa ń tọ́ka sí, ọ̀fẹ́ ni. Lórí kọ̀ǹpútà púpọ̀, ẹ máa lo mpirun, àṣẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti gbé pvserver (apá ParaView tó ń ya àwòrán) dìde pẹ̀lú --tile-dimensions-x=4 àti --tile-dimensions-y=3, iye iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá gbé dìde kò gbọdọ̀ kéré sí 12. --tile-mullion-x àti y ló wà fún etí dúdú, píksẹ̀lì lẹ máa kọ síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣí bọ́ọ̀lù kékeré kan kẹ́ ẹ yí i kiri títí ẹ máa fi rí i pé pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wà ní ipò ẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé dátà gidi wọlé. Tẹ́ ẹ bá ń yí àwòrán lọ́wọ́ tó sì ń rí bàìbàì, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ń dín píksẹ̀lì kù kó lè yára ni, tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró á mọ́ kedere.

Àmọ́ kì í ṣe dátà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fẹ́ wò. Ìjíròrò gidi máa ń fẹ́ àwòrán kan lápá òsì, PDF lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, láptọ́ọ̀pù ẹnì kan lápá ọ̀tún. Sọ́fítíwia SAGE2 ni wọ́n ṣe fún ìyẹn, iṣẹ́ EVL, ilé ìwádìí kan ní Yunifásítì Illinois ní Chicago ni, àwọn tó ṣe CAVE, yàrá tí àwòrán 3D ti yí èèyàn ká, ní 1992, pẹ̀lú Yunifásítì Hawaii, SAGE3 ló sì tẹ̀ lé e. Inú bráwúsà ni SAGE2 ti ń ṣiṣẹ́: ẹ kọ iye ìlà àti òpó àti 3840 lọ́nà 2160 sínú fáìlì JSON ẹ̀, skríìnì kọ̀ọ̀kan á ṣí ojú ewé tiẹ̀, ẹni tó wà nínú yàrá á ṣí ojú ewé kan lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀, á fa fáìlì sínú ẹ̀, ó ti dé orí ògiri nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ògiri yín máa rí èèyàn lójoojúmọ́, ẹ fi èyí síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

10. Kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n máa wọlé

Ẹ ṣe script kan tó máa tan gbogbo ẹ̀ tẹ̀ léra wọn, tí á gbé sọ́fítíwia dìde, àti òmíràn tó máa pa á lálẹ́, torí àwòrán tó dúró sójú kan fún ọjọ́ púpọ̀ máa ń fi òjìji sílẹ̀ lára LCD. Ẹ pa screensaver (lórí Linux, xset s off àti xset -dpms), kó má lọ dúdú láàrin ìjíròrò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò bá yín kọ́ ọ gbìyànjú láti tàn án kó sì gbé àwòrán tiẹ̀ sórí ẹ̀ láìbi yín léèrè ohunkóhun, ibi tó bá ti dúró ni kẹ́ ẹ kọ ìlànà sí. Kẹ́ ẹ wá tẹ ìwé kan tó ní nọ́ńbà wáyà, nọ́ńbà pánẹ́ẹ̀lì, ìmọ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀dà dráífà tó ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn férémù, kẹ́ ẹ sì fi dráífà yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ máa fi ní ìdí gidi láti pààrọ̀ ẹ̀.